Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀wù Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdí ná. Kì í ṣe obìnrin ni mo torí ẹ̀ tan ìyàwó mi jẹ. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó ń kí mi níbẹ̀ àfi ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá sọnù. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mo bá ti wọnú ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo di èèyàn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, dúdú mirinmirin, imú rẹ̀ gùn, àga inú rẹ̀ jẹ́ awọ gidi. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun nínú rẹ̀. Ìyàwó mi pàápàá, n kì í jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí ìyẹ̀fun ara aṣọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun yẹn sọ́kàn.

A ní ẹgbẹ́ kan, Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́. Ẹ̀wù funfun là ń wọ̀ lọ sípàdé. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣì ń lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́, wọ́n á fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà sí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà, wọ́n á sì máa pè é ní Ojúlówó. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ tirẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ á wà lófìfo. Tí a bá ń ṣèpàdé, àwa Ojúlówó ló ń jókòó sórí àga ọlọ́wọ́. Àwọn yòókù ń bẹ lórí bẹ́ńṣì. Kò sẹ́ni tó ṣòfin ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ jókòó sórí àga ọlọ́wọ́ láìní nọ́ńbà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo bí wọn ó ṣe wò yín.

Bí mo ṣe ń gbádùn àga ọlọ́wọ́ yẹn lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ó kọ́kọ́ ń kan jẹ́jẹ́ bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ó ń kan bí ẹni tó wá sin gbèsè. Èéfín wá bò mí mọ́lẹ̀ lójú títì, onímọ́tò kan sì na orí síta, ó ní, "Bàbá, ẹ ti jóná o!"

Mo sáré ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì mi. Kòséwu la máa ń pè é, torí pé bí ọkọ̀ bá pín sí méjì lójú ẹ̀, "Kò séwu" ni yóò sọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí i, ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yìí ti jẹun tán láyé. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ọ̀nà wo ló wà?"

"Ọ̀nà pọ̀, kò séwu. Irú ẹ̀ gan-an ń bẹ lókè òkun. Wọ́n ti tún un ṣe bíi tuntun." Ó dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo wá táyà kan jókòó lé.

"Èkejì ńkọ́?"

"Tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ kékeré tó kún ìgboro yìí. Owó yín ká a, kì í mu epo, sípéà páàtì ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. A kàn máa gé irin tó ń gbé e dúró díẹ̀, ká sì yí jíà padà. Ẹ ó lò ó títí á fi sú yín."

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré? Nínú ọkọ̀ bàbá mi? Kí n máa wọ ẹ̀wù òfìfo? Kí n lọ bá wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì?"

"Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ń wa ọkọ̀ ni, kì í jókòó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdáhùn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ká ní mo gbà, ìtàn ẹlòmíì lẹ̀ bá máa kà báyìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ọjọ́ àfihàn ọdọọdún wa, ọjọ́ tí gbogbo wa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wa fún aráyé rí, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ láhesọ pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì alága. Ta ni yóò fi ẹlẹ́wù òfìfo ṣe igbákejì alága?

Ibi tí a ti ń fà á nìyẹn tí ọkọ̀ búrẹ́dì ìyàwó mi fi wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ọkọ̀ yìí. Ìyàwó mi ní ilé búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé wa. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni búrẹ́dì ilé ìwòsàn ńlá. Òun ló ń san owó àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń rán àwọn ọmọ wa níwèé, òun náà ló ń san owó ẹgbẹ́ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣàkóso oúnjẹ níbẹ̀ kì í ṣeré. Ó ti sọ ọ́ pé bí búrẹ́dì bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ilé búrẹ́dì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Torí ẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe lọ́dún tó kọjá látòkè délẹ̀, tó sì fi ọ̀dà èékánná pupa kun orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, kí awakọ̀ má baà sọ pé òun ò rí i.

Awakọ̀ náà, Rọra là ń pè é. Kò sáré rí láyé ẹ̀. Ìgbín pàápàá ò ní lè jókòó nínú ọkọ̀ tó bá ń wà, ó máa sú u.

Kòséwu wo ọkọ̀ búrẹ́dì, ó wo ọkọ̀ mi. "Àbí ẹ ò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n? Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ẹ́ńjìnnì kan náà. Èyí kàn wọ kóòtù ni, ìyẹn wọ aṣọ iṣẹ́."

Inú bí mi. "O fẹ́ kí n ja ìyàwó mi lólè?"

"Ọ̀rọ̀ ni mo sọ, Ọ̀gá."

"Gbé ọ̀rọ̀ ẹ, kó o máa lọ!"

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kó tó dé ẹnu géètì, mo pè é padà.

Mo sọ fún ara mi pé yíyá ni, kì í ṣe olè. Kí ọjọ́ àfihàn ṣáà kọjá, a ó dá a padà. Ta ni yóò mọ̀? Ìyàwó mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí látìgbà tó ti kun ọ̀dà yẹn, Rọra ló ń wọn ọ́ìlì. Èmi sì ni mo máa ń sọ fún Rọra pé kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Nígbà tí ìyàwó mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, tó sùn síbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú, mo ní kí Rọra lọ sinmi. Kòséwu gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì sókè dé. Ó yọ ọ̀kan, ó yọ èkejì, ó pààrọ̀ wọn. Ó di ojú ihò ẹ́ńjìnnì bàbá mi, ó da ọ́ìlì tó ki bí oyin sí i, ó ní, "Ó máa rìn, tí wọn ò bá ti sáré." Mo ní, "Rọra ló máa wà á." A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá gé pátákó irin pẹlẹbẹ kan, ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù mi sí i lára, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ìyàwó mi, lórí nọ́ńbà tiẹ̀.

Ẹ ò gbọ́ bí ọkọ̀ mi ṣe dún lọ́jọ́ yẹn! Mo wà á yí àdúgbò po, mo ń juwọ́ sí àwọn tí n ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó mi ní, "Dádì, kí ló dé tí ọkọ̀ mi ń ṣe èéfín?"

Mo ní, "Epo tí wọ́n ń tà lóde báyìí ni. Wọ́n ti ń da nǹkan pọ̀ mọ́ ọn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ọkọ̀ fi kú sójú ọ̀nà, tí búrẹ́dì sì pẹ́. Ìyàwó mi lọ kúnlẹ̀ bẹ obìnrin ilé ìwòsàn. Nígbà tó dé, ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Kí ló lè ṣe é? Owó tí mo ná sí ẹ́ńjìnnì yẹn!"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Rọra ló ń tẹ̀ ẹ́ jù."

Rọra! Ẹni tí àwọn arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ń kọjá lójú títì!

Ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó mi pe Rọra síwájú mi. Rọra ká ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá, n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀."

Mo fò dìde, ariwo mi sì gba gbogbo ilé. "Wo ẹnu ẹ! O ba nǹkan oníǹkan jẹ́ tán, o wá ń purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì! Ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀ ni, tí yóò jáde kí òmíràn wọlé?"

Ìyàwó mi ní ká pe mẹkáníìkì kó wá wò ó. Mẹkáníìkì wo ni ẹ rò pé ó wá? Kòséwu ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín. Ó jáde, ó nu ọwọ́. "Kò séwu, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ń wà á ni."

Omi ń bọ̀ lójú Rọra, ó ń wo bàtà mi. Ìyàwó mi ní, "Rọra, èmi fúnra mi máa bá ọ jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tó bá tún kú sójú ọ̀nà, kó o gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, iṣẹ́ tìẹ náà á lọ."

Mo gbọ́ ọ. Mo jẹun alẹ́ mi tán. Kí n má parọ́ fún yín, mo tún bù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn náà ni ọjọ́ àfihàn. Orí pápá tó wà lẹ́bàá títì la ti ṣe é, ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn gan-an. Mo ti fọ ẹ̀wù mi, òwú wúrà ń dán lẹ́yìn mi bí iná. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Alága wa, àgbà ọkùnrin tó mọ ọkọ̀ ju bó ṣe mọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, gbọ́ ẹ́ńjìnnì mi, ó di ojú. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí! Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ nìyí, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn.

Àtẹ́wọ́ ò tíì tán tí a fi gbọ́ gbòlà! lójú títì. Èéfín funfun rú bolẹ̀, ọkọ̀ búrẹ́dì sì dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà pápá wa.

Ẹ wò ó, ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí.

Ìyàwó mi bọ́ọ́lẹ̀ tòun ti ìyẹ̀fun lára. Rọra ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí i, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Alága ní, "Háà, ìyàwó ọ̀kan nínú wa nìyí! Ẹ jẹ́ ká ràn wọ́n lọ́wọ́. Níbo làwọn èèyàn ti mọ ẹ́ńjìnnì tó báyìí?" Wọ́n ti ọkọ̀ náà wọ pápá. Èmi náà tì í. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Alága fúnra rẹ̀ ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó. Ó mú aṣọ pélébé, ó nu ara ẹ́ńjìnnì. Ó wọ awò ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà kan jáde.

Igi kan wà níbẹ̀. Mo rọra fẹ̀yìn tì í.

"Mo mọ nọ́ńbà yìí," ni Alága wí. "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń rí i. Níbo ni mo ti ń rí i?" Ó wo gbogbo wa. "Ẹ̀yin Ojúlówó, ẹ yí ẹ̀yìn padà."

Gbogbo wọn yí padà. Èmi ò yí.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹ yí padà."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Alága."

"Ẹ yí padà ká rí ibi tó ti ń dùn yín."

Mo yí padà. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rìn lọ síbi ọkọ̀ mi, ó fi èékánná họ pátákó Kòséwu. Pátákó náà já bọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti ń retí ẹ̀.

Ìyàwó mi ti tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ó sì na ọwọ́ kan ọ̀pá ọ́ìlì pẹ̀lú orí rẹ̀ tó pupa fòò. Ó yíjú sí mi. Kò pariwo o. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

"Olówó orí mi," ó wí, "ta ló bá ẹ́ńjìnnì bàbá yín kun èékánná?"

Ẹlòmíì ti ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó.

Ó wo Rọra. Ó lọ bá a, ó sì kúnlẹ̀ sórí koríko níṣojú gbogbo wọn, obìnrin tó ju Rọra lọ lọ́jọ́ orí. "Rọra, dákun, má bínú. O sọ fún mi, n ò gbọ́."

Rọra gbé e dìde. "Ìyá, búrẹ́dì ń tutù."

Ìyàwó mi na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. "Kọ́kọ́rọ́."

Mo fún un. Wọ́n kó àwo búrẹ́dì sórí àga awọ bàbá mi, láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Kò gbà á tán. Ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ mi, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin Ojúlówó, ṣé àwọn ọkọ̀ yín yìí ń rìn, àbí wọ́n kàn ń ya fọ́tò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n. Alága ló kọ́kọ́ ṣí búùtù. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Èyí tó kọ̀ tí kò jí, wọ́n tì í. Mo gbọ́ pé ọ̀kan hó lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń ju búrẹ́dì rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ ti èkejì. Àwọn ẹlẹ́wù òfìfo, tí ọkọ̀ wọn ń lo tòkunbọ̀, àwọn ni wọn ò dúró rárá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá mi ló kọ́kọ́ dé, Rọra ló wà á, ìyàwó mi sì jókòó síwájú pẹ̀lú ìyẹ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin ilé ìwòsàn jáde síta, ó wo ọ̀wọ́ ọkọ̀ gbogbo, ó wo aago, ó ní, "Ẹ dé lásìkò." Ó sì fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ máa bá a lọ.

Èmi ò sí níbẹ̀. Mo wà lórí pápá pẹ̀lú ọkọ̀ búrẹ́dì tó ti kú, mò ń lé eṣinṣin.

Nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún Rọra ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, mo ti gbọ́." Kò ní òun ti dárí jì mí, n ò sì béèrè. Mo wọlé lọ bá ìyàwó mi, mo sunkún, mo ní n ó dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà lọ́la.

"Rárá," ó wí. "Ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ nínú ọkọ̀ bàbá yín. Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ẹ́ńjìnnì mi bá wà, ibẹ̀ ni búrẹ́dì mi máa wà."

Mo rò pé àwàdà ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ní kí wọ́n yọ àga ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ilé búrẹ́dì sára ilẹ̀kùn méjèèjì. Ọ̀dà funfun! Lára dúdú tí mo fi ìda pa fún ọdún gbọọrọ!

Ẹgbẹ́ ṣèpàdé lórí mi. Wọ́n fẹ́ lé mi, ṣùgbọ́n Alága ka òfin jáde: ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà ń tẹ̀lé, kò sì sí ibi tí òfin ti ní kí ọkọ̀ lẹ́wà. Ọkọ̀ búrẹ́dì ti wá di tèmi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bá nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mu. Ojúlówó ni mí síbẹ̀. Orí àga ọlọ́wọ́ ni mo ń jókòó sí, kò kàn sẹ́ni tó ń jókòó tì mí ni.

Kòséwu tún wá bá mi lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gá, tòkunbọ̀ yẹn ṣì wà o. Ká gbé e sínú ọkọ̀ búrẹ́dì yìí, kẹ́ ẹ sinmi." Mo ní, nọ́ńbà mi wá ńkọ́? Ó wò mí tìtì, ó ṣí fìlà, bó ṣe ṣí i fún ẹ́ńjìnnì bàbá mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí kọ́ nìyí: ẹ ra tòkunbọ̀. Kò tíì pẹ́ jù fún ẹ̀yin.

Ní àràárọ̀, tí mo bá ń múra ibi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ bí ọkọ̀ bàbá mi ṣe ń dún, kíkan ò sí, èéfín ò sí. Ìyàwó mi á jáde nínú ilé búrẹ́dì tòun ti ìyẹ̀fun láti orí dé ẹsẹ̀, á wọlé síwájú, á fẹ̀yìn ti awọ. Tí wọ́n bá ń kọjá lára mi, ó máa ń yí gíláàsì sílẹ̀.

"Olówó orí mi, ṣé kò tíì jí?"

"Ó ń jí bọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Rọra á fún fèrè lẹ́ẹ̀kan. Èmi á sì ká apá ẹ̀wù mi sókè, n ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ búrẹ́dì, n ó máa tì í.